Ẹni Tó Ṣì Wà Lórí Kọ̀ǹpútà

Nígbàkigbà tí fáànù kọ̀ǹpútà bá ń mí ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ájá, tí òórùn eruku gbígbóná sì kọlù mí nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan nílé wa n'Íkàtẹ́ ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Bọ̀ọ̀dá, àbúrò màmá mi, ń gbìyànjú láti fi ètò ìṣirò tí iléèwé mi ní ká rà sórí kọ̀ǹpútà bàbá mi. Kò wọlé. Wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀, ó tún kọ̀. Ni wọ́n bá rọra gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀.

"Àǹtí, ó ní ẹlòmíì ṣì wà lórí ẹ̀."

Orúkọ bàbá mi ló wà lójú ẹ̀. A sì ti sin bàbá mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó gbóná bí ara èèyàn.

"Ṣé kí n yọ wọ́n?"

"Má yọ wọ́n," ni màmá mi wí. "Iṣẹ́ wọn ò tíì parí."

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bọ́tìnnì kan péré ló máa yọ wọ́n kúrò lórí ẹ̀, màmá mi náà sì mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Wọ́n gbé ife omi tútù síwájú àga bàbá mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí bàbá mi bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ká má pariwo. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, omi náà ti dín.