Wáìnì Tó Yẹ Kí N Tu Sílẹ̀ Ni Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín tán.

Ṣọ́ọ̀bù wáìnì kan ní Fordham, níbí ní Bronx, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn! Mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ni mo máa ń wà, tí mò ń gbé páálí wáìnì sókè sódò. Ọdún méjì gbáko! Ẹ̀yìn ń dùn mí débi pé mo ní láti jókòó kí n tó lè wọ ṣòkòtò.

Ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá ni kí ọ̀gá mi mú mi gòkè, kí n máa dúró lẹ́yìn káńtà, kí n máa júwe wáìnì fún àwọn oníbàárà. Yolanda lorúkọ ọ̀gá mi, ará Dominican ni, ó sì dàgbà ju ìyá mi lọ. Àyè ẹnì kan ló ṣí sílẹ̀ lókè, èmi àti Kevin, tí a jọ ń gbé páálí, la jọ ń lé e. Kevin lọ kọ́ nípa wáìnì, ó gba ìwé ẹ̀rí. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn dídùn ni ìwé ẹ̀rí tèmi.

Ọ̀gá wá ní òun á kó àwa méjèèjì lọ sí upstate, ìgbèríko tó jìnnà sí ìlú, sí ọgbà àjàrà bàbá kan tó ń ṣe Riesling, irú wáìnì funfun kan, kí òun lè mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ wáìnì jù.

Mo pe àǹtí mi ní Castle Hill kí n tó lọ. Ó ní, "Dúpẹ́, má lọ mutí lórí empty stomach o! And please, behave yourself. Tí àgbàlagbà bá fún ẹ ní nǹkan, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á." Mo ní ó ti yé mi, mà. Ìmọ̀ràn yìí gan-an ló fẹ́ẹ̀ pa mí!

Nígbà tí a débẹ̀, òtútù ń gé etí. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bàbá rò pé mo ṣubú ni! Ó sáré di apá mi mú, ó ń pariwo kí wọ́n gbé àga wá. Ọ̀gá ló bá mi ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn.

Bàbá mú wa rìn láàárín àjàrà, ó já ọ̀kan fún mi. Ó kan! Ó tún dùn! Àfi bí àgbálùmọ̀. Bàbá ní òtútù ló fà á. Níbi tí oòrùn bá ti mú, àjàrà á tètè pọ́n, kíkan rẹ̀ á sì lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n, adùn ń wọlé, kíkan ò sì kúrò. Tí wọ́n bá fún omi rẹ̀ tán, inú táǹkì tútù ni wọ́n ń dà á sí, ìwúkàrà á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á sì di ọtí. Tí òun bá fẹ́ kí adùn díẹ̀ ṣẹ́ kù, òun á jẹ́ kí táǹkì tutù sí i, ìwúkàrà á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé mi dáadáa.

Ìgbà tí a jókòó ti tábìlì ni wàhálà dé. Ife mẹ́jọ wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan sì wà láàárín. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ti àkọ́kọ́ fún wa. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo mu ún tán. Kevin gbé tirẹ̀ sẹ́nu, ó fi yọ ẹnu, ó sì tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lójú bàbá!

Inú bí mi. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: àgbàlagbà da ọtí fún ọ, o wá ń tu ú sílẹ̀ lójú rẹ̀? Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbún Kevin, mo sọ fún un pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Níbo? Mo wo ọ̀gá, òun náà ń tu! Mo ní ó dáa, ẹ máa tu ú, èmi ò ní tàbùkù bàbá yìí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu èyí tó ṣẹ́ kù sínú ife Kevin pẹ̀lú, kí ojú má ti bàbá.

Nígbà tí a máa fi dé ife kẹfà, Kevin ti di méjì, àwọn méjèèjì sì ń tu wáìnì.

Bàbá ní èyí tó kàn yìí ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgò. Ọ̀gá ní kí a sọ òórùn tí a gbọ́. Kevin ní òdòdó, ápù, ọsàn wẹ́wẹ́. Mo fi imú sí tèmi. Kẹrosíìnì! Kẹrosíìnì pọ́ńbélé, bí ìgbà tí ìyá mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sítóòfù ní Abẹ́òkúta. Àánú bàbá ṣe mí gidigidi. Mo rò pé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bu wáìnì sí. Ká ní ojú mi dá ni, ǹ bá dákẹ́. Mo di ọwọ́ bàbá mú, omijé ń bọ́ lójú mi, mo ní, "Daddy, sorry o. They have spoiled your work. This one is kerosene."

Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní ó tán! Inú basement ni màá kú sí.

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan kan sí i: Riesling tó bá pẹ́ nínú ìgò máa ń ní òórùn yẹn, àwọn tó mọyì rẹ̀ sì ń wá a kiri. Kevin tún fi imú bọ ife, kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má bi mí. Grand Concourse, ní Bronx níbí, ni mo ti lajú nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá pè mí. Ó ní imú mi dára ju ti Kevin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgò ni wọ́n ń tọ́ wò lókè. Tí mi ò bá lè tu wáìnì, ọ̀sán gangan ni màá máa sùn sórí káńtà. Ó da Riesling sínú ife, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú mi, ó ní kí n tu ú kí òun rí i.

Ẹ gbà mí! Mo gbé e sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, mi ò lè tu ú, mi ò sì gbọ́dọ̀ gbé e mì. Àgbàlagbà ń wò mí lójú. Àtẹ̀gùn basement sì wà lẹ́yìn mi. Mo ronú kan ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Mo bá kúnlẹ̀, mo gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tu ú jẹ́jẹ́, mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. Ó ní kí n dìde, kí n máa bọ̀ lókè.

Òkè náà ni mo wà báyìí o! Mo ṣì máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá Kevin gbé páálí díẹ̀, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ilé dára, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá dé ibi tí kò dé rí, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà fún!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ilé wo ló ti kó yín sí wàhálà níbi iṣẹ́ rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì.