Sìkírá Ní Òun Ń Mánéèjì Ẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gbá iwájú ilé mi ní Agbowó níbí, nígbà tí ọmọ yunifásítì kan tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró sídìí ẹ̀rọ omi, tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mi ò yọ́ ọ gbọ́ o, ohùn rẹ̀ ló lọ sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú, mò ń mánéèjì ẹ̀." Ó gbé omi rẹ̀, ó wọlé lọ. Èmi ò lè gbálẹ̀ yẹn tán mọ́. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó sórí pèpéle, omijé sì bọ́ lójú mi. Ẹni tó bá rí mi á ní ìyá àgbà yìí ti ń ṣarán.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún fún yín.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ò jìnnà síbí. Yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là á já, ó ṣókùnkùn débi pé ẹ ó ti kí ènìyàn tán kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ ń kí. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ilé ìwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wa la jọ ń lò ó. Bí ẹnì kan bá ń dín ẹja, kò ṣeé fi pamọ́, ẹni tí ò bá sì ní ẹja lọ́jọ́ náà á fi òórùn rẹ̀ ti ẹ̀bà tirẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ẹran Iléyá máa ń tọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí inú ilé dé ọ̀dọ̀ wa, ìrẹsì Kérésìmesì tiwa náà á sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti wó ilé náà báyìí, àwọn tó ń ṣe fótókópì ló wà níbẹ̀.

Nínú ilé yẹn, kò sí ohun tí a kì í mánéèjì. Bí àlejò bá dé, ìyá mi á gbé iyán tó tó ọkùnrin méjì jẹ kalẹ̀, wọ́n á tún kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mánéèjì ẹ̀." Bàtà ilé-ìwé mi tóbi jù, bàbá mi rún pépà sí i níwájú, wọ́n ní kí n máa mánéèjì ẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi á fi bá a. Bàtà ló kọ́kọ́ já. Rédíò bàbá mi náà ò ní bọ́tìnnì mọ́, ìdí ṣíbí ni wọ́n fi ń yí i, wọ́n ní àwọn ń mánéèjì ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ Dùgbẹ̀, kọ̀ndọ́ á ní ká sún, ká mánéèjì ara wa, ìyá onídìí ńlá kan á sì jókòó lé mi lórí itan. Bí wọ́n bá sì bi Ìyá Sìkírá, télọ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, pé ọkọ wọn ń kọ́, wọ́n á ní, "À ń mánéèjì ẹ̀ náà ni." Ọkọ ọ̀hún á wà lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀, òun gan-an á máa rẹ́rìn-ín.

Sìkírá, ọmọ wọn, ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ ń lọ ilé-ìwé, a jọ ń pọnmi, a jọ ń jẹgba. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi mú àwa méjèèjì lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń jáde láti báńkì, wọ́n ní máníjà nìyẹn. Sìkírá wo ọkùnrin náà títí, ó wá sọ fún mi létí pé, "Ó mà ṣe o. Ìyà yẹn ti pọ̀ jù tí wọ́n bá lè fi sọ ọ́ lórúkọ." Mo gbà á gbọ́. Fún ìgbà pípẹ́ ni àánú máníjà báńkì fi ń ṣe mí.

Ìyá mi àgbà tó ń gbé Òkè-Àdó nìkan ni ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá le, àwọn a máa ní kéèyàn rọ́jú. Bí aṣọ ò bá báni mu, a ó lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń dunni, ó yẹ ká lè sọ pé ara ń dunni. "Ẹ̀yin wá kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo." A fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a ní ayé ti là jùyẹn lọ.

Ọmọ tín-ínrín ni Sìkírá, eyín rẹ̀ iwájú gun ara wọn díẹ̀, ó sì fẹ́ràn ohun dídùn kọjá àlà. Bí ìyá rẹ̀ bá kẹ̀yìn báyìí, á ti ki ìka tútù bọ agolo ṣúgà. Wọn a ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí á mú ọ, o kàn ń ṣeré ni." Kò sí ìyá tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ọmọ tó ń gbọ́.

Nígbà tí ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkàn Sìkírá ò sí níbi méjì. Ilé-ìwé àwọn obìnrin kan wà tí a máa ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójú títì, aṣọ wọn búlúù, kọ́là rẹ̀ funfun. Ibẹ̀ la fẹ́ jọ lọ. Ọ̀rọ̀ wa dá Ìyá Sìkírá lójú ju bó ṣe dá àwa fúnra wa lójú lọ. Wọ́n ti ra aṣọ búlúù náà, wọ́n ti gé tàwa méjèèjì, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kí èsì ìdánwò kankan tó jáde. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá àwa méjèèjì á yege.

Lọ́sẹ̀ ìdánwò gan-an ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Sìkírá. Ó kọ́kọ́ mú un ní ìdodo, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Gbogbo ìyá ilé pé jọ lé e lórí, ẹnu wọn kò sì ṣe méjì: jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà tó ń lá náà ni. Wọ́n po àgbo sínú ìgò, ó korò débi pé òórùn rẹ̀ nìkan tó mú kéèyàn fajú ro. Ó mu ún, ó yàgbẹ́ títí, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ń jáde. Mo rántí pé ìyá mi ló di imú rẹ̀ mú. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é.

Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, bàbá rẹ̀ ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Ìyá rẹ̀ ní bí a bá débẹ̀, wọ́n á dá a dúró, ìdánwò á sì kọjá. Wọ́n yíjú sí i, ohùn wọn rọ̀, wọ́n ní, "Sìkírá mi, ṣé wàá lè mánéèjì ẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán?"

Ó wo aṣọ búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní, "Mo lè mánéèjì ẹ̀, Màámi."

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bọ bàtà tó tóbi jù náà ló fi dáhùn. Ta ni ìbá fi gbọ́ pé ìfun ọmọ ló ń jẹrà?

A fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Sìkírá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́. Ó dúró létí gọ́tà, ó bì, ó nu ẹnu, ó ní ká máa lọ, ká má pẹ́. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, olùkọ́ tó ń ṣọ́ wa rí òógùn lójú rẹ̀, ó bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní, "Mò ń mánéèjì ẹ̀, sà." Olùkọ́ náà fọwọ́ pa á lórí, ó ní akin lọmọ. Sìkírá sì kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí a jáde, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kò run mí mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, mo rí eyín tó gun ara wọn yẹn. A délé, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣe alihamudulilai, wọ́n ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Ayọ̀ wọn ò pẹ́ rárá. Ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbóná janjan, ikùn rẹ̀ le bíi pákó. Wọ́n sáré gbé e lọ sí Jẹ́ríkò. Dókítà ní ohun kan ti bẹ́ nínú ìfun rẹ̀, pé ìgbà tó bẹ́ náà ni ìrora fi dẹwọ́. Ó ní kí ló dé tí wọn ò tètè gbé e wá.

Wọ́n sin Sìkírá kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀, nítorí òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Mo yege nínú ìdánwò yẹn. Ìyá Sìkírá ló pè mí, tó fi tẹ́ẹ̀pù wọn mí. Wọ́n rán tèmi, wọ́n ká ti ọmọ wọn bó ṣe wà ní gígé, wọ́n gbé e wọ yàrá. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ aṣọ búlúù kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n ń bá mi tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ọlọ́run ló mọ bí ọkàn wọn ṣe gbà á. Tèmi ò gbà á.

Nǹkan ti yí padà o. Àwọn ọmọ Agbowó ń fi fóònù wá orúkọ àìsàn kí wọ́n tó lo oògùn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí ẹni tí ara rẹ̀ ò le, ẹ ṣì máa gbọ́ pé ó ń mánéèjì ẹ̀, ẹni tó kí i á sì kọjá lọ.

Nígbà tí mo sunkún tán lọ́jọ́ yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sí Òkè-Àdó, níbi tí Ìyá Sìkírá ti ń gbé lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn wọn. Wọ́n ti gbó, ojú wọn ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohùn mi. Ìyàwó ọmọ wọn bá mi ṣe àwàdà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Màmá máa ń dójú ti àwọn níwájú àlejò, pé bí wọ́n bá kí wọn, wọn kì í dúpẹ́ bí àwọn àgbà yòókù, gbogbo ibi tó ń dùn wọ́n ni wọ́n máa ń kà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ara ń kọ́?"

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Orúnkún ń dùn mí. Àyà ń dùn mí. Sìkírá ń dùn mí."