Ìbọn Tí Mo Ní Òfìfo Ni
N kò lè gbàgbé ọjọ́ kan nígbà ìjọba òyìnbó, tí àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ṣójà gbé ìbọn wọ igbó Abúlé Òkúta. Ẹnu ìbọn mi kọjú sí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi, Làmídì, láti òpópónà Bajulaiye tí a ti gbéra títí a fi débẹ̀.

Sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ wa bi mí pé, “Ọta wà nínú ẹ̀?”

“Òfìfo ni, sà. Mo ti kó o jáde tán.”

“Ṣí i kí n wò ó.”

Mo fa irin ìdí ìbọn sẹ́yìn. Ọta kan fò jáde, ó bọ́ síwájú Làmídì.

Làmídì mú un nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Díẹ̀ ló kù kí n fi ẹ̀yìn gbé e relé.”

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òfìfo ni ìbọn, ẹ̀yìn Làmídì ni mo máa ń rí.