Ẹni Tó Ń Pè É Ní Bàbá

Ní ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Chicago, orúkọ ni wọ́n ní ká máa pe àwọn tí à ń tọ́jú. Ẹnu mi kò gbà á. Ní ilé kéú tí mo ti kàwé, Alùfáà wa kì í fojú ire wo ọmọ tó bá forúkọ pe àgbà. Nígbà tí wọ́n wá rán mi sí Skokie, ìlú kan nítòsí Chicago, lọ́dọ̀ Julian, bàbá arúgbó ará Mẹ́síkò, màá kúnlẹ̀ láràárọ̀, màá ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀." Á rẹ́rìn-ín. "Bàbá" yẹn jọ "Papá" tí Rosa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń pè é.

Àrùn ìgbàgbé ń jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí kò dá Rosa mọ̀ mọ́, Rosa ní ká gbé e lọ sí Puebla, ìlú tí wọ́n ti bí i ní Mẹ́síkò, bóyá àwọn ibi tó ti máa ń mú òun lọ ṣeré ní kékeré á rán an létí.

A kọ́kọ́ dúró níwájú ilé kan tí wọ́n ya àwòrán àwọn èèyàn apanilẹ́rìn-ín sára ògiri rẹ̀.

"Papá, ẹ ò rántí? Ẹ máa ń ní èyí tó wú lẹ́nu yẹn ló jọ mí!"

Àwọn tó ń kọjá ni Bàbá ń wò.

A lọ sí òkè ayọnáyèéfín kan tí wọ́n ní òun ló kéré jù láyé. Àárín ilé àwọn èèyàn ló wà, iná rẹ̀ ti kú tipẹ́, àtẹ̀gùn irin ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

"Rosa, òkè ayọná rèé àbí ààrò ìyá mi?"

"Sìkírá, má bú u o, ó lè bínú!"

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ẹ̀rín Rosa níbẹ̀ nìyẹn. Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú, mò ń fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ rọra." Ó ń tẹ̀ lé ohùn mi títí a fi délẹ̀.

Rosa dúró níwájú rẹ̀. "Papá, ta ni mí?"

Ó wò ó, ó wò ó. "Ẹ má bínú, màdáàmù." Ó wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ mi nìyí. Òun ló máa ń pè mí ní Papá."

Rosa fọwọ́ bojú.

Láti ìgbà náà ni mo ti pa ẹnu mọ́, kí ó lè jẹ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́. Lórí ìrun, mo bẹ Ọlọ́hun kó gba orúkọ "Bàbá" náà lẹ́nu mi, kó fi lé Rosa lọ́wọ́. A padà dé Skokie, kò sí ìyàtọ̀. Bàbá kò jẹun mọ́. Á máa wo ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ mi dà?" Rosa á sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Inú ilé ìdáná ni Rosa ti wá bá mi.

"Sìkírá, pè é."

"Rosa, ìwọ lo ni bàbá."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, pè é, kó lè jẹun."

Ní ilé kéú, wọ́n kọ́ mi láti máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ọjọ́ náà wúwo lẹ́nu mi. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá."

Ojú rẹ̀ là. Ó wò mí, ó la ẹnu. Rosa na ṣíbí kọjá léjìká mi, ó fi ọbẹ̀ sí i lẹ́nu.