Atúnjúṣe Láàárín Egungun Iyùn

Kí fóònù tó wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà tó sọ iṣẹ́ fọ́tò di yẹpẹrẹ, Atúnjúṣe ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Irorẹ́ tó bo ojú ìyàwó tuntun, kọ̀ǹpútà rẹ̀ a nù ún kúrò. Ìyá ìyàwó gan-an a di àbúrò ọmọ tó bí.

Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ilé ìwádìí ohun inú òkun kan gbà á síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi dán an wò. Egungun iyùn ni yóò máa yà ní fọ́tò, ìyẹn òkúta funfun tí iyùn, ẹ̀dá inú omi, ń fi sílẹ̀ tó bá kú. Yóò yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀, yóò gbé e sórí aṣọ dúdú, yóò tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò yìí ni ọ̀gá rẹ̀ obìnrin fi ń mọ irú iyùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Inú Atúnjúṣe dùn sí àwọn oníbàárà tí kì í ṣẹ́jú. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú ihò ara wọn nìkan ni kò bá a lára mu, ó sì ń rọra bá wọn pa á rẹ́ nínú fọ́tò. Aláàánú èèyàn ni.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá já wọlé tòun ti fọ́tò lọ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó! Gbogbo iyùn tó jọ eléyìí ló nílà nínú ihò. Eléyìí ò ní rárá. Kò sẹ́ni tó rírú ẹ̀ rí!"

Ó ní lọ́la lòun máa kéde ẹ̀ fáyé gbọ́, àti pé iṣẹ́ Atúnjúṣe ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí ìlà tó pa rẹ́. Tó bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ó di ilé. Àmọ́ obìnrin yìí ò ṣẹ̀ ẹ́, òun náà ò sì lè wò ó níran kó lọ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìlà wà níbẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́."

"Ẹ pa kí ni rẹ́?"

"Mo tún un lójú ṣe ni mà. Kó lè dáa."

Ọ̀gá fa dúrọ́ọ̀, ó mú òkúta náà, ó fi awò wò ó títí. Ìlà pé síbẹ̀ wámúwámú. Ó wá àga jókòó. Ojú ti Atúnjúṣe gidigidi.

"Eléyìí nìkan lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àbí?"

Atúnjúṣe gbójú sókè wo àwọn dúrọ́ọ̀ tó kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Kò sí iyùn kan ṣoṣo nínú wọn tó burẹ́wà mọ́ nínú fọ́tò.