Ẹṣin Ìjòyè Nínú Ọkọ̀ Màlúù

Màlúù ni mo máa ń fi ọkọ̀ mi kó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi kó ẹṣin, láti Àrámọko lọ sí Ẹ̀fọ̀n, nítorí ọkùnrin kan tó fẹ́ joyè, tí kò gun ohun tó ga ju àga lọ rí láyé rẹ̀. Ó ní orí ẹṣin lòun yóò ti wọ̀lú.

Ẹṣin ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá kan láti Ìlọrin ló ni ín, òun ló fi ń jẹun: àwọn tó fẹ́ joyè ló máa ń háyà rẹ̀. Bàbá ní òun á fà á lọ, wọ́n á máa rọra rìn. Àbúrò ìjòyè ló kọ̀. Ó ní ẹṣin ìjòyè kì í fẹsẹ̀ rìn nínú eruku wọ̀lú bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ó ń bá ẹni tó lè bí i sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí.

Ọ̀gá àbúrò yìí kan náà ló ra àdín, tó ní kí wọ́n fi kun pátákò ẹṣin kó lè máa dán nínú fọ́tò. Bàbá ní ó dáa, àmọ́ kí á da yanrìn sínú ọkọ̀ kí ẹṣin lè rí ibi tẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ba ohun tí mo fowó mi kùn jẹ́ ni, Bàbá?"

Bàbá yíjú sí mi. "Dírẹ́bà, ìwọ lo lọkọ̀. Kí lo rí sí i?"

Mo mọ̀ ọ́n. Irin nilẹ̀ ọkọ̀ mi, ìgbẹ́ màlúù ti sọ ọ́ di ọ̀bọ̀rọ́ tó ń yọ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí màlúù ṣubú nínú rẹ̀ ni pé a máa ń há wọn mọ́ra, ọ̀kan á fara ti ìkejì. Ẹṣin kan ṣoṣo, ta ni yóò fara tì? Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ọ̀gá ni mo kọjú sí, mo ní, "Kò sí wàhálà, sà. Ẹ jẹ́ á máa lọ."

Bàbá wọ ẹ̀yìn, ó di ìjánu mú. Ọ̀gá jókòó tì mí níwájú, ó ń pàṣẹ lórí fóònù nípa bí wọn yóò ṣe jó tẹ̀lé ẹṣin. Bí a ṣe ń gun òkè, mo yà ní kọ́nà kan, mo sì gbọ́ gbìì lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, pátákò ń họ irin, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀.

Mo dúró. Ẹṣin ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, awọ orúnkún rẹ̀ ti bó, bàbá gbé orí rẹ̀ sí itan. Ọ̀gá yọjú, ó ní, "Ṣé ó ṣì lè ru èèyàn?"

Mo fọwọ́ wa yanrìn létí títì, mo ń dà á sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin títí ó fi dìde. Mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ti bèbè kan, bàbá fà á sọ̀kalẹ̀, ó fi fìlà ara rẹ̀ nu àdín ẹsẹ̀ ẹṣin, ó kọrí sí Àrámọko. Ẹṣin náà ń tiro.

Ọ̀kadà ni ọ̀gá gùn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gbọ́ pé ọ̀kadà náà ni ìjòyè gùn wọ̀lú, tó ká agbádá sórí itan, wọ́n sì jó tẹ̀lé e. Ó yẹ wọ́n.

Èmi yí ọkọ̀ padà, mo tan iná, mo ń rọra wà á bọ̀ lẹ́yìn bàbá kí ọkọ̀ mìíràn má bàa gbá wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ láti ojú fèrèsé. Kò wẹ̀yìn.