Gbólóhùn Tí Mo Kọ Nípa Bàbá Mi

Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá mi ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa nítòsí Takie, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Mọ́tò yìí ló fi ń kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì láti bí oṣù mẹ́ta, kò sì sí páàtì tọ́wọ́ tó. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà á rántí bí gbogbo nǹkan ṣe wọ́n gógó nígbà náà. Ẹran tí màmá mi máa ń rà lọ́jà Sábó di pọ̀nmọ́, nígbà tó yá, pọ̀nmọ́ náà di ìtàn. Kò sẹ́ni tó fún ohun tó ń ṣe wá lórúkọ. Màmá mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé jáde rárá. Ó máa ń sọ pé, "Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́."

Ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì kọ "impoverish" sójú pátákó. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí á sọ èèyàn di tálákà, pé ọ̀rọ̀ náà kì í dá dúró: ẹnìkan tàbí nǹkan kan gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹnìkan. Ó ní kí kálukú fi ṣe gbólóhùn. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ pé, "The car impoverished my father," pé mọ́tò ti sọ bàbá mi di tálákà. Inú tíṣà dùn, ó kà á sókè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sàráà, ọmọ ayálégbé tá a jọ ń gbélé, yíjú wò mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ màmá mi.

Ọ̀nà tó jìn ni mo gbà lọ sílé. Mo dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta iṣu, n kò ní ohun tí mo fẹ́ rà, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run kí Sàráà ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Bí mo ṣe wọlé, màmá mi tọ́ka sí bàbá mi. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi àkísà nuwọ́.

"Àdùkẹ́, mo gbọ́ pé o kọ nǹkan nípa mi. Kà á."

Mo kúnlẹ̀, mo kà á. Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀, n kò rí.

"Ó ní... mọ́tò sọ yín di tálákà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó káwọ́ lérí.

"Bó o ṣe kọ ọ́ yẹn," bàbá mi ní, "ṣé ó ti ṣe é tán ni, àbí ó ń ṣe é lọ́wọ́?"

"Ó ti ṣe é tán, sà."

"Kò tíì ṣe é tán. Tún un kọ."

Mo mú bíró, mo pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo sì kọ ọ́ pé, "The car is impoverishing my father." Ó ní kí n kà á sí òun létí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì padà sídìí mọ́tò.

Mọ́tò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti wọ́ ọ lọ, bàbá mi sì ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Ọ̀yọ́, ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń wálé. Díẹ̀díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹran jẹ. Bàbá mi kò bá mi wí lórí gbólóhùn yẹn láyé rẹ̀.

Lójú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, gírámà ni bàbá mi ń bá mi tún ṣe, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ti ju ọjọ́ orí tó wà nígbà yẹn lọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ilé iṣẹ́ tí mo ti ń jẹun kógbá sílé, àbíkẹ́yìn mi bi mí bóyá a ti di tálákà. Mo ní, "A ò tíì dà bẹ́ẹ̀." Ohùn mi le, ó dá a lójú, ó sáré lọ ṣeré. Orúnkún mi méjèèjì ló ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba bàbá mi nígbà tó ní kí n tún gbólóhùn yẹn kọ.